Tajikistan: Yìnyín nìkan kọ́ ló ń dínà mọ́ arìnrìnàjò nígbà òtútù

Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Tajikistan, ẹ ó rí i pé Dushanbe tó jẹ́ olú ìlú àti Khujand, ìlú ńlá apá àríwá, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 300 kìlómítà. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1991, ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ láti ìlú kan sí ìkejì nínú oṣù Kejìlá ní láti kọ́kọ́ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kí ó gba ilẹ̀ Uzbekistan kọjá, kí ó tó tún padà wọlé. Ẹni tí kò ní físà Uzbekistan, tí kò sì rí owó bàálù san, yóò jókòó sílé títí di ìgbà ìrúwé.

Òkè ló fà á, àmọ́ òkè nìkan kọ́. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Tajikistan, 93 ló jẹ́ òkè. Ọ̀nà Dushanbe sí Khujand gbọ́dọ̀ gun òkè méjì, Anzob àti Shahriston, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju 3,300 mítà lọ. Yìnyín tí à ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń bá òjò rọ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Ó máa ń kóra jọ ní ìpele-ìpele sí ẹ̀gbẹ́ òkè, títí yóò fi wúwo ju ohun tí ẹ̀gbẹ́ òkè lè gbà dúró. Nígbà náà ni yóò ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì gbá ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ọkọ̀ tàbí ilé. Ìdí nìyí tí ọ̀nà orí òkè méjèèjì fi máa ń wà ní títì pa fún oṣù bíi mélòó kan lọ́dọọdún.

Láyé ìjọba Soviet, èyí kò di wàhálà ńlá. Tajikistan àti Uzbekistan wà lábẹ́ ìjọba kan náà, ọkọ̀ àti rélùwéè sì ń gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ Uzbekistan yí òkè ká láìsí ẹni tó ń béèrè ìwé. Àwọn tó la ọ̀nà wọ̀nyẹn kò rò ó rárá pé ààlà tí wọ́n fà sórí ìwé yóò di ibodè lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìjọba Soviet tú ká, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Tajikistan láti 1992 títí di 1997. Uzbekistan bẹ̀rù pé àwọn jàgídíjàgan yóò gba ibẹ̀ wọlé, ó sọ físà di dandan, ó sì ri àdó olóró mọ́lẹ̀ sí apá ibì kan lẹ́bàá ààlà ní nǹkan bí ọdún 2000. Àwọn darandaran àti àwọn tó ń wá igi ìdáná wà lára àwọn tí àdó náà pa. Ọkọ̀ òfurufú láàárín Dushanbe àti Tashkent dáwọ́ dúró fún nǹkan bí ọdún 25.

Ìgbà tí ọ̀nà ń tì ni àwọn ènìyàn ń wá sílé

Ohun kan wà tí àjòjì kì í sábà fiyè sí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Tajikistan ló ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, pàápàá iṣẹ́ ilé kíkọ́. Bí òtútù bá mú, iṣẹ́ náà á dín kù, púpọ̀ nínú wọn á sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó, ọmọ àti òbí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, owó tí irú wọn fi ránṣẹ́ sílé ní 2013 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà pèsè lọ́dún náà. Nítorí náà, àwọn tó ń bọ́ orílẹ̀-èdè yìí ń darí bọ̀ wálé ní àkókò gan-an tí òkè ń ti ìlẹ̀kùn.

Ìjọba Ààrẹ Emomali Rahmon pinnu láti gba inú òkè kọjá. Àwọn ará Iran lu túnẹ́ẹ̀lì Anzob, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, wọ́n sì ṣí i ní 2006. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Istiqlol, ìyẹn òmìnira, orúkọ náà sì sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí i kí iṣẹ́ tó parí. Omi ń ṣàn nílẹ̀ rẹ̀, kòtò kún ibẹ̀, òkùnkùn ṣú, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè fa èéfín ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ tó bá há síbẹ̀ ń fi ẹ̀mí àwọn èrò inú rẹ̀ wewu. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó tún un ṣe dáadáa. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn lu túnẹ́ẹ̀lì Shahriston, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2012. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ báńkì Exim ti Ṣáínà ni wọ́n fi tún ọ̀nà náà ṣe. Láti 2010 ni wọ́n ti ń gba owó ibodè níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù British Virgin Islands, tí aráàlú kò mọ àwọn tó ni ín.

Ní 2016, Shavkat Mirziyoyev di ààrẹ Uzbekistan. Ọkọ̀ òfurufú tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2017. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Mirziyoyev lọ sí Dushanbe, wọ́n fagi lé físà fún ìbẹ̀wò tí kò bá ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, wọ́n ṣí àwọn ibodè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú àdó olóró wọ̀nyẹn. Àwọn kan lè sọ pé bí àwọn olórí bá ti bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, gbèsè túnẹ́ẹ̀lì ìbá má wáyé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí inú dídùn aládùúgbò lè ṣí, ìbínú rẹ̀ lè tì í.

Pamir kò tíì rí irú ìtura bẹ́ẹ̀

Ní ìlà oòrùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Agbègbè Gorno-Badakhshan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, àmọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 300,000. Láti Dushanbe dé Khorog, olú ìlú agbègbè náà, lé ní 500 kìlómítà. Nígbà òtútù, ọ̀nà tó gba Kulob, tó sì ń tẹ̀ lé etí odò Panj, ni wọ́n ń gbára lé. Afghanistan wà lódìkejì odò, òkè tí yìnyín ti lè ya sì wà lókè orí. Bàálù kékeré tó bá ń lọ sí Khorog ń fò láàárín òkè ni, kì í ṣe lórí wọn, nítorí náà ìkùukùu lásán tó láti dá a dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, yìnyín ya lu ilé ní Khorog àti àwọn abúlé ìtòsí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá.

Àwọn ará Ṣáínà ti ń tún apá kan ọ̀nà Pamir ṣe. Ọ̀nà tó dára yóò wúlò fún aláìsàn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Dushanbe. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹrù láti Ṣáínà pẹ̀lú yóò gbà á, ọkọ̀ ológun náà kò sì ní ṣàì gbà á. Àwọn ará Khorog kò gbàgbé pé lẹ́yìn ìwọ́de oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì wọn títí di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà kọjá lórí wọn bẹ́ẹ̀, yìnyín lójú ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́ tí kò sì lè gbé ìròyìn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní báyìí, ààbò tó sún mọ́ àwọn ará abúlé òkè jù ni èyí tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn. Àjọ Aga Khan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé ti kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní abúlé láti máa wọn gíga yìnyín àti bí òtútù ṣe mú tó. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń fi ṣèdájọ́ ewu, kí àwọn ará ilé tó wà lábẹ́ òkè lè tètè kúrò níbẹ̀.