Ọkọ̀ Tuntun Tó Ń Gbọ̀n Kì í Ṣe Ohun Àmúmọ́ra

Oníṣòwò Òkèrèwè tí ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá ti ń sá kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbọ́ ti ẹni tó ní yóò mọ́ ọn lára. Bó bá jẹ́ sìtíárìn ló ń gbọ̀n, táyà iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ìjókòó, ti ẹ̀yìn ni. Kí wọ́n bálánsì wọn, kí wọ́n sì wò ó bóyá ríìmù ti tẹ̀. Bí kò bá lọ, kó kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n eré sílẹ̀, kó dá ọkọ̀ padà fún ẹni tó tà á. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí kò lábùkù. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.