"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Kò Dára" Kì í Ṣe Ìdáhùn

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di àwáwí fún tolórí tẹlẹ́mù ní orílẹ̀-èdè wa: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára." Akọ̀wé báǹkì ń wí i, òṣìṣẹ́ ìjọba ń wí i, èyí tí ó sì bà mí nínú jẹ́ jù ni pé àwọn olùkọ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bèèrè ohun tí ó fa nǹkan, ti gbà á bí àmúwá Ọlọ́run. Kọ̀ǹpútà alágbèéká yóò já kúrò lórí Wi-Fi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ yóò pa á dé, yóò mí kanlẹ̀, ẹ̀kọ́ sì parí nìyẹn.

Òótọ́ ni pé ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀bi náà ti òkèèrè wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wa, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ létí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà àti Gánà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí olùkọ́ Ìlọrin tàbí ti Kàdúná lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìjákulẹ̀ ojoojúmọ́ sábà máa ń wà láàárín ògiri mẹ́rin tiwa.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò ni Wi-Fi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n rí àmì tí ó kún lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n rò pé ohun gbogbo pé. Àmì yẹn kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ohùn ráútà lọ. Kò sọ pé ráútà ń gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ráútà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, kí a wádìí. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Wi-Fi kan náà, ní ibi kan náà, ara kọ̀ǹpútà ni kò yá. Bí a bá fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tí ìjákulẹ̀ sì dáwọ́ dúró, ìgbì rédíò ni ẹjọ́ kàn. Àṣẹ kékeré kan tún wà tí ń jẹ́ ping, tí a fi ń pe ráútà ní àdírẹ́sì rẹ̀, tí a sì ń ka iye ìgbà tí ó dáhùn. Bí ráútà bá ń jẹ́ ìpè láìtàsé, tí ẹni tí a pè lóde kò sì dáhùn, ìgbà náà ni ó tó kí a bínú sí ilé-iṣẹ́ tí ń ta dátà.

Nínú ilé wa ńkọ́? Irin ni ọ̀tá àkọ́kọ́: kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ilẹ̀kùn onírin, òrùlé páànù. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ bí ọjà Bódìjà. Bí ráútà aládùúgbò bá wà lórí ìkànnì 6, kí tiwa bọ́ sí 1 tàbí 11. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ̀rọ a máa pa Wi-Fi ara rẹ̀ láti fi ṣọ́ bátìrì lò. Inú Device Manager ni a ti ń gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ráútà wọn ń kú, tí ó sì ń jí, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bọ́ láti iná ìjọba sórí jẹnẹrétọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì burúkú!

Ta ni àwáwí yìí ń ṣe lóore? Ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ owó wa láìṣiṣẹ́ ni. Ẹni tí kò lè ya àṣìṣe ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tiwọn, kí ni yóò gbé lọ síwájú NCC bí kò ṣe ìbínú lásán? A gba òmìnira ní 1960. Kò yẹ kí ó jẹ́ àlejò ni yóò máa sọ fún wa ibi tí ẹ̀rọ wa ti ń ṣàìsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ya àsìkò ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀ ní tọ́ọ̀mù tí ń bọ̀. Kí àwọn ọmọ gbé kọ̀ǹpútà kan láti yàrá dé yàrá, kí wọ́n ya àwòrán ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì kọ ibi tí ráútà ti ń jẹ́ ìpè àti ibi tí kò ti jẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ọ̀gá àgbà, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ fún un.