Ìkíni Kì í Ṣe Àkọ́sórí

Ìkíni ni ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣí fún ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè àjèjì. Bí ọmọ Yorùbá bá balẹ̀ sí ilẹ̀ Finland, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ fi lé e lẹ́nu ni hyvää huomenta fún òwúrọ̀, hyvää päivää fún ọ̀sán àti hyvää iltaa fún ìrọ̀lẹ́. Hyvää dúró fún "rere". Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ kan yìí, ó kù kí ó máa fi òmíràn tì í: matkaa fún ẹni tí ń lọ sí ìrìn àjò, joulua fún ọdún Kérésìmesì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àlejò náà ti lè kí gbogbo àdúgbò. Ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé àti olùkọ́ ń gbà kọ́ àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìkíni Yorùbá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í.

Irú àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ wo ni ó wà ní Adó-Èkìtì? Agùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìgbò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tàbí sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wọn wí. Èyí tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ọmọ tí a bí ní Ìjìgbò tàbí ní Òkèṣà, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Adó, ti di àkọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Bí ó bá dé kíláàsì Yorùbá, wọn yóò fa ìlà sí ojú pátákó, wọn yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀tún, wọn yóò kọ ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́ àti ẹ káalẹ́ sí òsì. Ọmọ náà yóò kọ́ ọ sórí, yóò gba máàkì. Ohun tí ó mọ̀ kò ju aago lọ.

Ìyàtọ̀ wà láàárín hyvää àti kú. Hyvää ń gbàdúrà kí nǹkan dára fún ẹni tí a ń kí. Kú kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ ni pé, "Mo rí ọ, mo sì rí ohun tí o wà nínú rẹ̀." Ẹ kú ìjókòó kò túmọ̀ sí pé kí ìjókòó yín dára. Ẹ kú òjò kò yin òjò. Òǹkíni ti wo ẹni tí ó jókòó tàbí ẹni tí òjò ká mọ́ ọjà, ó sì ti jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìwé tí ó lè ka ìkíni Yorùbá tán. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ ní ìgboro, kú ti wà nílẹ̀ de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní ọdún 2020, kò sí ìgbìmọ̀ tí ó ní láti jókòó kí ẹ kú ìsémọ́lé tó jáde lẹ́nu ènìyàn. Àwọn àjèjì pàápàá ti fura sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ní Freetown, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Aku ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, nítorí kú tí kì í kúrò lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ kí agùnbánirọ̀ kan wọ Ọjà Ọba ní Adó ní òwúrọ̀. Ẹ káàárọ̀ ni yóò fi kí oníṣu, òun náà ni yóò fi kí onídìrí, òun náà ni yóò fi kí ìyá tí ó gbé ọmọ tuntun pọ̀n. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò dá a lóhùn, wọn yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ó wí fún oníṣu pé, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá," yóò gbọ́ àṣẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ó gba èènì. Kí ó kí onídìrí pé, "Ojú gbooro o," yóò gbọ́ pé, "Òòyà á yà á." Bí ó bá kọrí sí ọ̀nà Ìyìn tí ó bá àgbẹ̀ lórí ebè, àroko-bọ́dún-dé ni ti àgbẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ní tirẹ̀, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ìdáhùn ni ìdajì ìkíni, àwọn ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ kì í sì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí èyí, àlejò tí ó bá bá àwọn Èkìtì nídìí iyán, tí wọ́n wí fún un pé, "Ẹ wá jẹun," á rò pé dandan ni kí òun wẹ ọwọ́, tàbí kí ó fèsì pé òun kò jẹ. Á gba ibi ire ni èsì rẹ̀; ẹni tí ó bá sọ ọ́ kò gba oúnjẹ, kò sì kọ oúnjẹ.

Ilé ọ̀fọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ a máa kó ìkíni ọ̀fọ̀ sí ojú kan bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè wà fún ọmọ tí ó sin arúgbó. Ayẹyẹ àti ìnáwó wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ọ sórí wá gbé e tọ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ, ó ti fi ẹnu dá egbò sí ara ìyá náà. Ẹ kú ìrọ́jú ni ibẹ̀ gbà, kí ohùn sì lọ sílẹ̀. Kò sí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè kìlọ̀ èyí fún un, ojú rẹ̀ nìkan ni ó lè kìlọ̀.

Ti ẹ̀ka-èdè náà kò kéré. Ilé ni ìwé ń kọ, ulé ni àgbà Èkìtì ń pè. Iṣẹ́ ni ìwé ń kọ, uṣẹ́ ni ó wà lẹ́nu wọn. Ọmọ tí ó gbọ́ uṣẹ́ nínú ìkíni ìyá-ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà dé kíláàsì kí wọ́n sọ fún un pé àṣìṣe ni. Ó yẹ kí ó mọ méjèèjì àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹrù yìí ti wúwo jù fún àkọ́bẹ̀rẹ̀, pé díẹ̀díẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kú gan-an ni díẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan ni. Oòrùn, òjò, iṣẹ́, ìjókòó àti ìrìn tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àkókò kò sì sí mọ́ láti fi ṣòfò. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Ìwọ̀nba wákàtí Yorùbá nìkan ni ó wá kù fún ọmọ tí wọn kò bá sọ èdè rẹ̀ nílé. Bí a bá fi wákàtí náà fa ìlà méjì sí ojú pátákó, a ti jẹ ẹ́ gbé.

Kí olùkọ́ kó wọn jáde kúrò ní kíláàsì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wo ẹnìkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, aránṣọ òdìkejì títì, tàbí ìyá tí ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn ògiri. Kí ó kí i gẹ́gẹ́ bí ó ti bá a, kí ó sì gbé èsì tí wọ́n bá fún un wá sí kíláàsì. Nínú ìdánwò, dípò kí wọ́n ní kí ó túmọ̀ ẹ káàsán, kí wọ́n ya àwòrán obìnrin kan tí ó ru igi ti oko bọ̀ nínú òjò, kí wọ́n sì béèrè ohun tí yóò wí fún un.