Ẹ Padà Lọ Wò Ó Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín rí admission láti kọ́ṣẹ́ dókítà.

Alàgbà kan nínú ìjọ wa níbí l'Ádégbayì fẹ́ ta ilẹ̀ tó ní lọ́nà Ẹgbẹ́dá, kó lè fi owó rẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí yunifásítì aládàáni kan. Wọ́n ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí ilé-ìwé pe àwọn òbí. Wọ́n rí òdòdó, wọ́n gbádùn ẹ́ésì, wọ́n jẹ ìrẹsì. Wọ́n wá ní ká bá àwọn gbàdúrà kí ilẹ̀ tètè rí oníbàárà. Àwa náà kúkú ti ń pe ọmọ yìí ní "Dókítà" lórí pẹpẹ láti bí ọdún mẹ́ta.

Ká sòótọ́, ẹ̀rù bà wá. A ní, "Alàgbà, ẹ jẹ́ ká padà lọ, lọ́jọ́ tí wọn ò retí wa."

Lọ́jọ́ yẹn, ilé-ìwòsàn wọn la gbà lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀dì pọ̀ níbẹ̀, aláìsàn ni ò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún karùn-ún kan sọ fún wa pé òun ò tíì wà níbi tí obìnrin ti ń bímọ rí. Ṣé inú ìwé nìkan lèèyàn ti ń kọ́ ìgbẹ̀bí ni? Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Dádì, ẹ má tíì ta ilẹ̀ o."

Àwọn kan ní iyèméjì la gbìn sí wọn lọ́kàn. Rárá o. Jóṣúà wà lára àwọn 12 tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀. Nígbà tó kan òun, ó tún rán èèyàn méjì lọ sí Jẹ́ríkò, bẹ́ẹ̀ ìlérí Ọlọ́run ti wà nílẹ̀.

Ẹ tún wo ìtòsí wa. 1948 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn, ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ sì ni wọ́n fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa fojú rí aláìsàn. Ní 1951, Dókítà T. F. Hunt kó ìgbìmọ̀ kan wá láti Yunifásítì London. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kò tó. Ohun tó bí UCH Oríta Mẹ́fà nìyẹn: òfin rẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n sì ṣí i ní November 20, 1957, pẹ̀lú 500 bẹ́ẹ̀dì. "Kò tó" tí wọ́n sọ ò di ègún.

Nítorí náà, ẹ padà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìwé àṣẹ NUC nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè ti MDCN, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Àwọn ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ìwé lè gbà lọ́dún. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n fún wọn, mélòó ni wọ́n wá gbà? Ẹ wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ bá àwọn ọlọ́dún karùn-ún àti ìkẹfà sọ̀rọ̀. Ẹ ṣírò owó ọdún mẹ́fà, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Kẹ́ ẹ tún bi ọmọ: ṣé òun ló fẹ́ ẹ, àbí àwa la sọ ọ́ sí i lórí?

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa, bá a bá pe ọmọ ní dókítà lórí pẹpẹ, ẹ jẹ́ ká lè bá a wọ mọ́tò lọ wo ibi tó ti máa kọ́ ọ.

Ọmọ wa ò tíì pinnu. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ta ogún àwọn ọmọ wa ra mọ́tò tí ò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣe Àmín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí kan.