Ẹ Jẹ́ Ká Tẹ̀ka Síwèé Kí Ọjà Tó Tú

 

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lóṣù yìí. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹlẹ́ja ni ní Sandgrouse. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá wa dáwó, kò pa oṣù kan jẹ. Lọ́jọ́ tí mò ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, a dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó máa gbowó bí onítọ̀hún ò bá sí mọ́. Ìyá ní, “Akọ̀wé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Àbí ẹ fẹ́ kí n kú ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Nígbà tí ìyá di olóògbé, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ń lọ tó ń bọ̀ kó tó rí owó ìyá rẹ̀ gbà. Ìsọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń jókòó sí ńkọ́? Ẹnì kan ti dé, ó ní òun lòun ni ín. Ọmọ yìí ò ní bébà kankan tó lè nà jáde. Bí ìsọ̀ ṣe lọ nìyẹn.

Ẹni tí ò bá mọ ọjà á rò pé ìsọ̀ lásán ni. Èmi ní ìlú ni. Ẹ wo Sandgrouse tiwa ní Lafiaji. Orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ gbígbẹ kan ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nǹkan omi lọjà wa fi gbayì: ẹja tútù, edé, akàn. Ìgbín náà ò sì gbẹ́yìn. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, alábàárù ti ń pariwo, “Ẹ yàgò fẹ́rù o!” Àwọn kan ń fọ́ yìnyín, àwọn kan ń ha ìpẹ́ ẹja. Ìyá alásè tó lóde àríyá lọ́wọ́ ti dé, ó ń ná ata àti ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá yá, alájọ á máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìyálọ́jà á pè wọ́n jókòó, á bá wọn parí ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n wá sọ́jà lánàá, òun náà ló ń pọ̀n ọmọ tajà lójúkò yẹn lónìí. Ibi tó lólórí, tó lófin, táwọn èèyàn ti ń bí, tí wọ́n ti ń dàgbà, kí la tún ń pè nílùú? Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìwé.

Ọjà àti Èkó, ọjọ́ wọn ti pẹ́. Ààfin ọba wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìga Ìdúngànran, orí ilẹ̀ tí Arómirẹ́ fi ṣe oko ata ni wọ́n kọ́ ọ sí, Arómirẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń pẹja. Ẹja àti ata! Ohun tí à ń tà dòní náà nìyẹn.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú òwò yìí, ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ìwé lè ṣe. Alímọ́tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ni bíi tiwa, òun ni olórí ọjà Èrèkó àti ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà l'Ékòó. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ kó ọjà Èrèkó lọ sí Olúwọlé láàárín ọdún 1930 sí 1939, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló dúró tí wọ́n ní àwọn ò lọ. Nígbà tó di 1940, ìjọba tún ní kí obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Àwọn obìnrin kóra jọ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn tí ò lè kọ orúkọ wọn tẹ̀ka sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, £50 di £200. Obìnrin mélòó ló ń rí £200 lọ́dún nígbà yẹn? Pẹlẹwúrà kú ní 1951, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àtàǹpàkò wọ̀nyẹn.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà l'Ékòó ní 1924, ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Láti 1955 ni wọ́n ti ń wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n ń kó èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé ṣeé díwọ̀n, ó ṣeé ṣírò. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, oníbàárà rẹ̀ ò bá a dé Sùúrùlérè. Ohun tí ò sí nínú ìwé, ta ni yóò ṣírò rẹ̀ fún un?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwà akọ̀wé ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí gbogbo ayé wá ń wò ṣe àpẹẹrẹ, ìlú ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Rochdale lorúkọ ìlú náà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1251 ni ọba wọn ti fún wọn níwèé àṣẹ pé kí wọ́n máa ná ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1844, èèyàn 28, àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí oúnjẹ àdàlù àti òṣùwọ̀n èké ti sú, dá £1 £1 jọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà òyìnbó àti àbẹ́là ni gbogbo ọjà tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ òfin wọn sílẹ̀, wọ́n kọ ìpàdé wọn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló dà. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà ní 1935. Ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Mo mọ ohun tẹ́lòmíì máa sọ. Wọ́n á ní kíkọ orúkọ àjogún, ikú lèèyàn ń pè. Ikú kì í béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kó tó dé. Ìyá wa yẹn ò kọ ọ́, ṣé ó gbà á sílẹ̀? Àwọn mìíràn ní báwọn ọmọ bá mọ iye táwọn ní, wọn ò ní jẹ́ káwọn gbádùn. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ la fẹ́, a ò ní sọ iye owó fún un. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń tì ni ìwé wà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí kálukú wá sọ orúkọ àjogún rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tí ò lè kọ, kó tẹ̀ka. Èkejì, ẹ má fi rìsíìtì owó ìsọ̀ di ẹ̀pà mọ́. Ẹ kó o wá, ká dà á kọ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, mo ti ra ìwé líle kan. Nípàdé kọ̀ọ̀kan, àgbà méjì á sọ fún wa, èmi á sì kọ ọ́: ọdún tó dé Sandgrouse, ta ló bá níbẹ̀, ta ló jókòó lọ́tùn-ún, ta ló jókòó lósì. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá dé pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìwé tiẹ̀, àwa náà á ní tiwa lọ́wọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi, torí náà èmi ni mo kọ́kọ́ kọ tèmi. Orúkọ ìyàwó mi àti àkọ́bí mi ti wà níbẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ọjà ò ní tú mọ́ wa lórí o. Àṣẹ.

Èmi ni akọ̀wé yín.