Wikipedia Èdè Yorùbá: Ta ni Wọ́n Ṣí i Sílẹ̀ Fún?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí bá àwọn tó ń tún Wikipedia èdè Yorùbá ṣe wí. Ọdún 2001 ni Wikipedia dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. MediaWiki ni sọ́fítíwíà tó gbé e ró. Ẹnikẹ́ni ló lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó sì tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun ọ̀fẹ́ kì í fi dandan rọrùn láti lò.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Awa, nítòsí Agó-Ìwòyè, bá fẹ́ kà nípa ìlú rẹ̀, tí fóònù rẹ̀ kò sì ní àmì ohùn, "Awa" ni yóò tẹ̀. Báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá ìlú ni ó ń wá tàbí arọ́pò-orúkọ "àwa"? Bí ó bá tẹ "Igbo", ṣé Ìjẹ̀bú-Igbó ni, àbí igbó ọdẹ, àbí àwọn Ìgbò? Olùkọ́ tó fi àmì sí i pàápàá kò tíì bọ́. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Àfikún ni àmì ohùn wọn. Àwọn kan ń fi àmì roboto sábẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn kan yóò ní ọ̀lẹ ni ẹni tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ẹjọ́ yẹn kò tọ́. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Ẹni tó ń wá ìmọ̀ kò sí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ohun mẹ́ta ló yẹ ní ṣíṣe. Èkínní, bí ọ̀rọ̀ kò bá ní àmì, kí àpótí ìwáǹkan to gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá a mu sílẹ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ ṣókí, kí ó má sì fi ìyàtọ̀ sáàárín àmì roboto àti ìlà. Èkejì, kí bọ́tìnnì lẹ́tà àti àmì ohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, pàápàá lórí fóònù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà jẹ́ Yorùbá tó yé ọmọ ilé-ìwé. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì túmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni MediaWiki ń fi hàn. Ẹnikẹ́ni ló sì lè forúkọ sílẹ̀ lórí translatewiki.net láti túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni, kì í ṣe ti onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Kí ni ó wá dí àwọn olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Agó-Ìwòyè lọ́wọ́?

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé e fún ọmọ ilé-ìwé gírámà lò, kí wọ́n sì ṣàkíyèsí ibi tí ó ti kọsẹ̀. Ọmọ tó fi Yorùbá wá ìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi wá a lẹ́ẹ̀kẹta, yóò sì gbà pé kò sí ìmọ̀ nínú èdè baba rẹ̀. Kí àgbà tó sọ pé ọmọ kò fẹ́ èdè rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ pẹpẹ náà kalẹ̀.