Ẹ Má Fọwọ́ Rọ́ Máàkì JAMB Tì

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fèsì fún àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba pa ìdánwò JAMB rẹ́, pàápàá fún àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Wọ́n ní máàkì kọ́ ló ń sọ ọmọ di lọ́yà. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?

Àwa tí à ń gbé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níhìn-ín mọ ohun tó máa ń rọ́pò rẹ̀: lẹ́tà láti ọwọ́ èèyàn ńlá. Ìyá tó ń fún epo pupa ní Igbótako kò mọ ẹni tí yóò kọ lẹ́tà fún ọmọ rẹ̀. Máàkì tí ọmọ náà gbà nìkan ni èèyàn ńlá tó ní. Kí JAMB tó dé ní 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ bó ṣe wù ú; ẹnì kan a gba àyè mẹ́ta, ẹlòmíràn kò ní rí ẹyọ kan.

Àyè òfin kò sì tó nǹkan. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin ti fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Yunifásítì ẹnu ọ̀nà wa ní Òkìtìpupa, OAUSTECH, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 2008. Àkùngbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń forí lé. Ní 2025, wọ́n ní 150 nínú 400 ni yunifásítì kankan kò gbọdọ̀ gbà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé 150 lọ bá òfin, agbọ̀n ló gbé lọ sódò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba 271. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ fún un ní ẹ̀kọ́ tí kò béèrè. A ní kí wọ́n sọ iye tí ẹni ìkẹyìn tí wọ́n gbà sí òfin ní. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò dá wa lóhùn.

Lóòótọ́, máàkì náà lè ṣì. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn fi ń ṣe ìdánwò láti 2015, ọ̀pọ̀ ìlú wa ní Gúúsù Oǹdó sì lo ọdún gbọọrọ láìríná. Ní oṣù Karùn-ún 2025, JAMB fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ èsì ọmọ 379,997 ní Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oloyede sunkún ní gbangba, wọ́n sì tún ìdánwò ṣe. Àmọ́ ṣé ẹ rí i, nítorí pé máàkì náà tẹ olúkúlùkù lọ́wọ́ ni wọ́n fi lè pariwo. Ta ni yóò pariwo lórí lẹ́tà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan?

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ máàkì ẹni ìkẹyìn tí wọ́n gbà sí òfin mọ́ ògiri, ti JAMB àti ti ìdánwò tiwọn tí wọ́n ti ń ṣe láti 2005. Kí wọ́n kọ iye ọmọ tó wọlé nítorí agbègbè rẹ̀ sí i, kí àwọn òbí tó san owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ra fọ́ọ̀mù mìíràn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkìtìpupa.